Bàbá Tí Kì Í Kíni Lórí Fóònù

Tí wọ́n bá dárúkọ àdúgbò Bẹ́yẹrúnkà ní Ìbàdàn fún mi lónìí, òórùn méjì ló máa ń kọ́kọ́ wọ imú mi: òórùn epo tí wọ́n ń ta sí ẹ̀rọ ìránṣọ, àti òórùn èédú tó ń jó nínú áyọ́ọ̀nù ayé àtijọ́. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ni mo jókòó sí fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rẹ́ mi, ní kùtùkùtù, kí òjò àná tó gbẹ lórí páànù tó ti dípẹtà lórí àwọn ilé àtijọ́ yẹn. Mo ń ṣe bí ẹni tó wá rán bùbá. Irọ́ ni, mi ò wá rán nǹkan kan. Ilé tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù náà ni mo wá ṣọ́. Èmi tí mo ní ìsọ̀ aṣọ òkè ní Òjé, mo ti ìsọ̀ pa, mo wá ń fi ojú wọ́n fèrèsé olófèrèsé ní àdúgbò ẹni ẹlẹ́ni.

O ṣáà mọ iṣẹ́ mi nínú ẹbí wa. Bí ọmọ wa bá ti mú àfẹ́sọ́nà wálé, èmi ni wọ́n máa pè. “Ẹ bá wa lọ wò ó.” Wọn a ní ìwádìí ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó dà bí ìgbà téèyàn fẹ́ ra ìkòkò ni, tó gbé e sókè, tó wo ìdí ẹ̀ bóyá ó ti sán. Mo ti fojú ara mi rí ọkọ ìyàwó tó ní òun kò tíì gbéyàwó rí, tí ìyàwó méjì ń bẹ nílẹ̀ dè é ní Ṣakí. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti ń de wèrè mọ́ ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n ń sọ fún wa níwájú pé àlejò ni. Nítorí náà, ara mi tètè máa ń fu. Ìfura loògùn àgbà. Tèmi tiẹ̀ wá pọ̀ jù. Àwọn ọmọ àbúrò mi a máa sọ pé bí wọ́n bá gbé omi fún mi, màá kọ́kọ́ bi omi náà pé ọmọ ta ni.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọbìnrin àbúrò mi ló kàn. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó sì ti fara balẹ̀ kọ ọkùnrin mẹ́ta. Ọ̀kan yìí ló fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun fẹ́. Olùkọ́ ni ọkùnrin náà, ọmọlúàbí, tó bá dọ̀bálẹ̀, àyà ẹ̀ á kanlẹ̀ bámú. Ìyá ẹ̀ ti ṣaláìsí. Bàbá ẹ̀ ló kù, ológun tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wa bàálù ogun, èyí tí kò gbà ju ẹnì kan lọ. Ìdána ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Àbúrò mi dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá ti ní ó dáa, ó dáa nìyẹn. Tí ẹ bá ní kò dáa, a ò ní gbà.” Bí gbogbo ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ náà ṣe bọ́ sí mi lẹ́nu nìyẹn.

Aránṣọ yẹn ò rí àléébù kankan sọ nípa bàbá ọmọkùnrin náà, Bàbá Bẹ́yẹrúnkà. Kì í mutí, kì í ṣe obìnrin, tí wọ́n bá pèrun, òun ló ń kọ́kọ́ dé mọ́sáláṣí, fúnra ẹ̀ ló sì ń gbá iwájú ilé ẹ̀. Mo ní, “Ẹ dẹ̀ ronú dáadáa.” Ó yọ pín-ìnnì kúrò lẹ́nu, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Àfi nǹkan kan ṣá, Màmá. Ẹ dúró kí aago méje lù.”

Aago méje lù. Fèrèsé òkè ọ̀hún ṣí, Bàbá yọ sójú fèrèsé nínú síńgílẹ́ẹ̀tì funfun, ó jókòó, ẹ̀yìn ẹ̀ nà ṣánṣán. Ó tẹ fóònù, ó gbé e síwájú, ó jẹ́ kí ohùn ẹ̀ máa jáde síta. Ó ní, “Pósíìtì?” Ohùn kan dáhùn láti inú fóònù, ó wúwo, bí ohùn ẹni tí òkèlè ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Ó ní, “Fíṣúà.” Bàbá ní, “Prẹ́ẹ̀sì.” Ó pa fóònù, ó ti fèrèsé. Kò tó àkókò téèyàn máa fi mu omi ife kan.

Kò kí i! Ọ̀rẹ́ mi, níbo lo ti gbọ́ ọ rí? Ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìbàdàn, tó pe èèyàn láàárọ̀ kùtù, tí kò ní ẹ káàárọ̀, tí kò ní ṣé dáadáa la jí, tí kò béèrè ìyàwó, tí kò béèrè ọmọ, tí kò béèrè orúnkún tó ń dun onítọ̀hún lọ́sẹ̀ tó kọjá? Àwa tí à ń kí ẹni tó ń jẹun, tí à ń kí ẹni tó ń gbálẹ̀, tí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ tí kò ṣe nǹkan kan, a ní ẹ kú ìjókòó! Bí olè bá wọlé mi lọ́sàn-án gangan, ó ṣeé ṣe kí n kọ́kọ́ sọ pé ẹ káàsán kí n tó figbe ta. Irú èèyàn méjì péré ni mo mọ̀ tí kì í kíni kó tó sọ̀rọ̀: ẹni tó ń pe ọfọ̀, àti ọmọ ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ tó ń fi ara ẹ̀ han ẹgbẹ́ ẹ̀. Bàbá tó ń kírun ni, kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Ó wá ku èkejì.

Mo ra ìwé kékeré kan, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àárọ̀ kejì, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn náà ni. Àárọ̀ kẹta, bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ kẹrin, Bàbá fi ọ̀kan kún un. Ó ní, “Bíńgò?” Ohùn ọ̀hún ní, “Nóò.” Bíńgò kẹ̀? Ajá ló ń jẹ́ Bíńgò ní gbogbo Ìbàdàn! Mo dìde, mo yí ilé náà po bí ẹni tó ń wá ojú ọ̀nà, kò sí ajá níbẹ̀, kò sí okùn ajá, kò sí àwo tí wọ́n fi ń bọ́ ajá. Ajá wo ni wọ́n wá ń béèrè, kí sì ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Aránṣọ ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Bàbá jáde, mo tẹ̀ lé e. Mo fi gèlè bojú díẹ̀, mo gbé aṣọ òkè mélòó kan sábẹ́ abíyá. Ó ń rìn bí ẹni tó gbé ìṣasùn lérí, kò wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, láti Bẹ́yẹrúnkà, a la èrò Oríta-mẹ́rin já, títí a fi dé ilé kan tó ní ilẹ̀kùn àwọ̀ ewé ní Ọ̀rányàn. Ó wọlé. Mo dúró sábẹ́ òrùlé ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Nígbà tó jáde tó lọ, èmi náà kan ilẹ̀kùn, mo ní aṣọ òkè ni mo ń kiri, pé Òjé ni ìsọ̀ mi wà.

Obìnrin arúgbó kan tó rọra ń sọ̀rọ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ọkọ ẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ láti ọdún méjì. Mo tẹ́ aṣọ fún un wò, mo ń fọgbọ́n béèrè ọ̀rọ̀. Ó ní ọkọ òun àti àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yẹn ni wọ́n jọ wa bàálù ogun nígbà èwe wọn. Ó ní, “Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, kò lè pe orúkọ mi. Á kàn máa wò mí, omi á lé sójú ẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó kù lẹ́nu ẹ̀. Àfi aago méje àárọ̀ tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá pè, ẹnu ẹ̀ á là. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ológun ni.”

Háà! Ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀. Ó yẹ kí n ká aṣọ mi kí n máa lọ sílé. Ẹnu mi ò gbà. Mo súnmọ́ ọn, mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tí kò lè pe ìyàwó tó wà lọ́ọ̀dẹ̀ ẹ̀ láti ogójì ọdún, tó wá ń dá ọkùnrin kan lóhùn láràárọ̀! Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ tó ń tú u lẹ́nu, ṣé kì í ṣe òun náà ló dì í lẹ́nu?” Obìnrin náà wò mí títí. Ó na ọwọ́ sí ìrọ̀rí ọkọ ẹ̀, ó mú fóònù kékeré kan níbẹ̀, ó pa á, ó sì so ó mọ́ etí ìró ara ẹ̀. Mo rí i tó ń ṣe é, mi ò ní kó má ṣe é.

Ọjọ́ kejì ni ẹbí pé sílé wa ní Bẹẹrẹ. Mo ṣí ìwé mi, mo ka gbogbo ẹ̀ fún wọn, aago tí wọ́n sọ ọ́, iye ìgbà tí wọ́n sọ ọ́, ilé tó ń lọ, ọkùnrin tí wọ́n dì lẹ́nu. Bí mo ṣe ń kà á ni orí mi ń wú, kí n má purọ́. Ọkọ àbúrò mi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Ọ̀rọ̀ ti tán. Ọmọ mi ò ní wọ ilé awo.” Ọmọ wa ò sunkún. Ó wojú mi, ó ní, “Màmá Òjé, ṣé ẹ bi Bàbá náà léèrè?” Mo ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń bi olè léèrè bóyá olè ni?” Ó dìde, ó wọ yàrá, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ìyá ẹ̀ ní kì í jẹun pẹ̀lú wọn mọ́, ó ti ń sọ pé òun máa gba iṣẹ́ lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ òun. Wọ́n ránṣẹ́ sí ilé ọkọ pé kí wọ́n má gbé ẹrù ìdána wá mọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà tí mo ti Ọ̀rányàn dé, obìnrin ilé ọ̀hún ló dúró níwájú ìsọ̀ mi yìí. Kò ra aṣọ. Ó ní, “Ìyá aláṣọ, ẹ dìde, ẹ bá mi délé. Láti ìgbà tí mo ti gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, kò jẹun mọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń wá lójoojúmọ́, mo ń sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé ó ń sùn. Ẹ̀yin lẹ là mí lójú, ẹ wá wò ó.”

Ojú ọ̀nà ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ìdì náà ló ń jà padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé, mo rí bàbá yẹn, ọ̀rẹ́ mi. Ó ti rù sí i. Ó kọjú sí fèrèsé, ohùn ẹ̀ ti há, ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́, ó ń dákẹ́ bí ẹni tó ń retí ìdáhùn, á tún sọ ọ́. “Pósíìtì.” Á dákẹ́. “Pósíìtì.” Mo ní kí ìyàwó ẹ̀ tú fóònù, kó pe ọkùnrin Bẹ́yẹrúnkà yẹn, kó wá tú ohun tó dì. Ìjà ni mo fẹ́ bá a jà. Mo ti fún ìró mi mọ́ ìdí.

Kò pẹ́ tó fi dé, òógùn ti bo aṣọ ẹ̀, ọmọ ẹ̀ tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wa ń sáré bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ó kọjá lára wa, kò kí wa. Mo ní, “Ẹ ò rí i!” Kò gbọ́ mi. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ojú ẹ̀ wá síbi tí ojú aláìsàn lè tó, ó ní, “Fíṣúà.” Ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ márùn-ún, ó dákẹ́. Ó fi ọwọ́ òsì tó kù fún un di ọrùn aṣọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ mú, kò fi sílẹ̀. Bàbá ní, “Prẹ́ẹ̀sì. Prẹ́ẹ̀sì.” Nígbà tí ìyàwó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, ọkọ ẹ̀ ya ẹnu, ó mu ún tán.

Ìgbà yẹn ni Bàbá wá yíjú sí wa. Ó kí ìyàwó ilé kú ìtọ́jú, kú ìdúró, kú àìsùn. Ó kí mi kú ọjà, ó kí mi kú ẹsẹ̀, ó béèrè bí ilé Òjé ṣe ń ṣe sí. Ọ̀rẹ́ mi, o ò tíì gbọ́ kíkí tó gún régé báyẹn rí. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí màá wò. Mo wá bi í léèrè, ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ọjọ́ kìíní. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí lẹ máa ń sọ fún wọn?”

Ó ní, “Màmá, ẹni yìí ló wà lẹ́yìn mi lójú ọ̀run fún ọdún mọ́kànlá. Èmi ń wa tèmi níwájú, òun ń wa tiẹ̀ lẹ́yìn, òun ló ń ṣọ́ ibi tí ojú mi ò tó. Tí mo bá ní pósíìtì, mò ń bi í pé níbo lo wà ni. Tó bá ní fíṣúà, ó ní òun ń rí mi. Bíńgò ni pé epo tó kù kò ju èyí tó máa gbé mi délé lọ. Prẹ́ẹ̀sì ni pé máa lọ, mo wà lẹ́yìn rẹ.” Mo ní ẹ ò wá ń kíra yín? Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, “Lókè yẹn, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni ohùn gbogbo wa ń gbà. Tí mo bá dúró ń kí ẹnì kan, ẹlòmíì tó fẹ́ kígbe pé ewu ń bọ̀, ohùn ẹ̀ ò ní wọlé. Ọ̀rọ̀ gígùn lè pààyàn. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ ẹ̀, á gé ọ̀rọ̀ kúrú. Àìsàn kó gbogbo ọ̀rọ̀ lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fi mẹ́rin yìí àti nóò sílẹ̀. Mo wá ń fi wọ́n bá a sọ̀rọ̀.”

Mo wo bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ márùn-ún ni bàbá yẹn fi ń bi ayé pé níbo lo wà, tí ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Èmi ni mo fà á. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Mo ní, “Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún aráyé?” Bàbá ní, “Ẹnikẹ́ni ò bi mí. Ẹ̀yin náà, ọ̀sẹ̀ kan lẹ fi jókòó sọ́dọ̀ aránṣọ, bùbá yẹn ò tán. Ológun ni mí, Màmá. Àárọ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti rí yín.” Ọmọ ẹ̀ wolẹ̀. Kò sí èyí tó dárúkọ ọmọ wa nínú àwọn méjèèjì, kò sì sí èyí tó bẹ̀ mí.

Mo padà sí Bẹẹrẹ lọ kó ọ̀rọ̀ mi nílẹ̀. Ẹyin lohùn, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, kíkó èyí tó ti fọ́ kì í ṣe kékeré. Ọkọ àbúrò mi ní, “Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ ní awo ni, lónìí ẹ ní èèyàn rere ni. Èwo la fẹ́ gbà?” Mo ní ti òní ni kí wọ́n gbà, nítorí òní ni mo béèrè. Mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ tí wọ́n bí mi ṣáájú ìyá ẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Kò ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣí i lọ́jọ́ kejì. Ìdána wáyé lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n gbé bàbá Ọ̀rányàn wá lórí àga, ó jókòó lẹ́yìn ọ̀rẹ́ ẹ̀ níbi tó ti lè máa rí i.

Ọmọ wa ló sọ bí ó ṣe parí fún mi, ó ti wà nílé ọkọ lọ́dọ̀ Bàbá nígbà náà. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ kan Bàbá béèrè pósíìtì bó ṣe máa ń béèrè, ohùn ọ̀hún ò dáhùn fíṣúà. Ó ní, “Bíńgò.” Bàbá di fóònù mú fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní, “Prẹ́ẹ̀sì,” ohùn ẹ̀ ò yẹ̀. Kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, ìyàwó ọ̀hún ti pè pé ọkọ òun ti lọ.

Mo mọ̀ pé nítorí ọmọ tìẹ lo ṣe wá bá mi. Màá lọ, má dà mí láàmú. Màá wo ẹ̀yìnkùlé wọn, màá bi aránṣọ àdúgbò wọn, ara mi ò lè ṣàì fu. Ṣùgbọ́n kí n tó kọ nǹkan kan sínú ìwé mi, màá kan ilẹ̀kùn, màá bi ẹni náà léèrè lójú ara ẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún bàbá yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀, ó ti dárí jì mí. Ẹni tí mo ṣẹ̀ gan-an, kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀ tó lè fi dárí jì mí.

Nígbà tí wọ́n ti sìnkú tán, ọmọ wa tún sọ fún mi pé aago méje àárọ̀, Bàbá ṣì ń ṣí fèrèsé, á jókòó, á gbé fóònù síwájú, kò sì ní ẹni tó máa pè. Mi ò lè fara dà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ nọ́ńbà ẹ̀ láti ìsọ̀ mi. Ó gbé e. Ẹ káàárọ̀ sà ti dé ètè mi, mo gbé e mì. Mo ní, “Pósíìtì?” Mo rò pé mo ti tún ba nǹkan jẹ́. Ó wá ní, “Bẹ́yẹrúnkà. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.” Mo ní, “Prẹ́ẹ̀sì,” mo pa á. Àràárọ̀ ni láti ìgbà náà. Títí di òní yìí, àwa méjèèjì ò tíì kíra wa lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan.